Ìrẹsì Inú Gilasíẹ̀ àti Oúnjẹ Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta

Victorine tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó gbé àpò gàrí lé e, ó sì mú agolo tòmátì kan tó ti fọ̀ mọ́. Ó fẹ́ mọ iye agolo tó ń yó èèyàn kan. Ó rẹ agolo kan fún Carine, ọmọ rẹ̀. Carine jẹ ẹ́ tán, ó ní òun yó.

Victorine rò ó wò. Lọ́jọ́ kejì, ó rán Carine lọ pọnmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó fún un ní gàrí. Agolo kan kò tó mọ́. Ó di agolo kan àbọ̀. Ẹni tó rìn kì í jẹun bí ẹni tó jókòó. Victorine fi èédú kọ ọ́ sára ògiri.

Òun ni wọ́n fi oúnjẹ ìrìn ìjọ lé lọ́wọ́. Ogún ọmọ, Carine wà lára wọn, fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Adja-Ouèrè gba Ikpinlè lọ sí ẹ̀bá ìlú Kpoulou, kí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì padà dé ní ọjọ́ kẹta. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fi alùpùpù kó wọn wálé, pẹ̀lú inú rírun àti èébì. Zacharie, katikíìsì, olùkọ́ni ìjọ tó ń ṣáájú wọn, ti wá sọ ọ́ láìfi bò: bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ìrìn náà ti parí nìyẹn.

Ìyábùnmi, ìyá ọkọ Victorine, ló dáná lọ́dún náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gàrí tí wọ́n ń wọ̀n.

"Ìyàwó mi, ogun ni wọ́n ń lọ jà, àbí ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń lọ?"

"Ìrìn ni, Ìyá."

"Ọmọ wa ò ní gbé gàrí jáde bí ọmọ tí kò níyàá. N ó se ìrẹsì. N ó gbé e sínú gilasíẹ̀ ní gbígbóná, n ó faṣọ wé e. Títí dọ̀la, yóò ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Gilasíẹ̀ rẹ̀ ni àpótí oníke onídèérí tí àwọn kan ń kó omi dídì sí lọ́jà. Ládùúgbò wọn, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ se oúnjẹ dání fún un. Bí kò bá ṣe é, wọn á sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló sì gbà pé oúnjẹ tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò lè bàjẹ́. Àìsàn ọdún tó kọjá, omi odò tí wọ́n mu lágọ̀ọ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Victorine kò jiyàn. Ó lọ bá Cécile, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí. Cécile wá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá, kò sì bá a wí. Ó ní kí wọ́n dán an wò: kí ìyá se ìrẹsì náà bó ṣe máa ń sè é, kó dé e pa, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àsìkò tí àwọn ọmọ ì bá jẹ ẹ́.

Ìyá sè é tayọ̀tayọ̀, ó sì faṣọ wé àpótí náà bí ìkókó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Carine fẹ́ yọjú wò ó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá gbá a lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, omi ń kán lábẹ́ ìdérí. Ìrẹsì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́. Ìyá ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó ń fà bí ilá. Òórùn kíkan gba imú wọn.

Ìyá gbé ṣíbí náà kalẹ̀. "Ṣé ohun tí mo fún wọn jẹ nìyí?"

"Ẹ ò mọ̀ ni, Ìyá," ni Cécile dáhùn. "Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan wà tí ojú ò lè rí. Ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fẹ́, bí ọmọ adìẹ ṣe ń fẹ́ abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀. Nígbà míì, oúnjẹ náà ò tiẹ̀ ní rùn rárá."

"Tí wọ́n bá tún un gbé kaná ńkọ́?"

"Májèlé tí àwọn kòkòrò kan bá ti tú sínú rẹ̀, iná kì í pa á."

"Kí wá ni kì í tètè bàjẹ́?"

"Ohun tó bá gbẹ, Ìyá. Kòkòrò yẹn ò lè pọ̀ níbi tí kò ti sómi."

Ìyá gbójú sókè. "Ohun tó gbẹ? Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàná?"

Ó wá sọ fún wọn pé nígbà tí Fábọ̀dé, bàbá òun, bá ń lọ sí oko ẹgàn fún ọjọ́ méje, kò gbé oúnjẹ tútù dání rí. Àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná ló ń gbé. Tébi bá dé, á po epo àti ata mọ́ ọn, á di àádùn. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń yan án fún un, kí ó tó dọmọge.

Lọ́jọ́ kejì, èéfín àgbàdo yíyan gba àgbàlá kan. Victorine di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ó kọ ọjọ́ sí i lára: ìyẹ̀fun àgbàdo, gàrí, ẹ̀pà yíyan, ẹja gbígbẹ. Epo wà nínú ìgò lọ́tọ̀. Ti ọjọ́ kẹta ló kó sísàlẹ̀ àpò, ti ọjọ́ kìíní sókè, kí ẹnikẹ́ni má bàa tú ẹrù lójú ọ̀nà. Ìrẹsì mìíràn bá wọn lọ, ṣùgbọ́n láìsè, pẹ̀lú ìkòkò tí wọn yóò fi sè é, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Zacharie gbé àpò wò, ó bèèrè ibi tí gilasíẹ̀ wà.

"Ó ń sinmi," ni ìyá wí.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, bí ọmọ bá ń lọ pàgọ́, oúnjẹ tó gbẹ ni kí ẹ dì fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n fún ẹni tó rìn, kì í ṣe fún ẹni tó jókòó. Ohun tí wọ́n bá sè lágọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Bó bá ṣẹ́kù, tó sì ti wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru wa yìí, kí wọ́n dà á nù, bí kò tilẹ̀ rùn. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Omi odò náà kò ṣeé fojú fò: kí wọ́n sè é títí yóò fi hó yaya, kí ó tutù nínú ohun tó mọ́ tó sì ní ìdérí.

Ní ọjọ́ kẹta, ogún ọmọ fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ Adja-Ouèrè. Kò sẹ́ni tínú run. Ọ̀rá àádùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, òun náà ni wọ́n sì ń jà lé lórí bọ̀ lọ́nà. Zacharie ní ìrìn náà kò ní parí mọ́, ó sì bẹ Ìyábùnmi pé kó wá kọ́ àwọn ìyá tó wà ní Kpoulou náà bí wọ́n ṣe ń yan àgbàdo.

Gilasíẹ̀ ṣì wà nílé. Adìẹ ìyá ló ń sàba nínú rẹ̀.