Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Ilé Ọtí James

Òótọ́ ni. N ò ní búra, torí ẹni tó ń purọ́ ló máa ń yára búra. Ẹ sáà gbọ́. Àdírẹ́sì ibẹ̀ nìkan ni ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi, ẹ ò báà bẹ̀ mí títí di ọ̀la.

Ọlálékan lorúkọ ọkùnrin náà. Apòògùn ni ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà. Òun náà ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fi àga han àwọn tó pẹ́ dé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá rí i nínú kóòtù àti táì rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé kò sí ilé ọtí àwọn ará Ireland kan ní gbogbo Atlanta tí kò tíì jókòó sí.

Kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ife kan péré ló máa ń mu, ó sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adébọ̀wálé, kú ní Ìkirè, ìwé ìgbélùú Ọlálékan ò tíì jáde. Lọ́yà ní tó bá fi lè kúrò ní Amẹ́ríkà, kò ní wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó gbé e pọ̀n, tó kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́! Inú fóònù ló ti wo ìsìnkú rẹ̀. Ó wá kan ìgbà tí ọmọ ìyá máa ń bu yẹ̀pẹ̀, tó máa ń dà á sórí pósí, tó máa ń ní ó dìgbà. Network lọ. Ojú ara rẹ̀ ló kù tó ń wò nínú fóònù dúdú. Ó jáde nílé pẹ̀lú ìbínú, ó ń rìn kiri Downtown bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ilẹ̀kùn tó kọ́kọ́ rí ní ṣíṣí ló wọ̀.

Ilé ọtí àwọn ará Ireland ni. Òkú làwọn náà ń ṣe. Wọ́n gbé fọ́tò bàbá arúgbó kan sórí káńtà, wọ́n gbé ọtí síwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ẹnikẹ́ni ò bi Ọlálékan pé kí ló wá ṣe. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé ife fún un. Àárín àwọn òyìnbó tí ò mọ̀ ọ́n rí ló ti sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ ilé ọtí wọn kiri. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ review sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń fún wọn ní ìràwọ̀. Bí wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n rẹpẹtẹ kọ́ ara ògiri, ìràwọ̀ kan dànù. Bí barman bá rọ ọtí dúdú kún ife lẹ́ẹ̀kan náà, méjì dànù. Torí ọtí dúdú wọn yẹn, wọn kì í kánjú rọ ọ́. Wọ́n á rọ ọ́ kọjá ìdajì díẹ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀, á máa ru, á máa funfun lókè, á máa dúdú nísàlẹ̀. Ó dìgbà tó bá sinmi kí wọ́n tó rọ ìyókù lé e.

Àwọn èèyàn ń ka ohun tó ń kọ, ẹ má wulẹ̀ fojú di í. Bó bá ní ibì kan ò dáa, ibẹ̀ á dá páropáro. Kò sì fún ẹnikẹ́ni ní márùn-ún rí. Ó ní òun kì í parọ́ ìràwọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọba ló fi òun jẹ oyè rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tó wà ní off ló rí ilé ọtí James. Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan ló wà, n ò ní sọ èwo. Oòrùn ń mú gan-an níta. Nínú ilé, òkùnkùn. Iná igi ń jó jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ògiri. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí orin. James tó ni ibẹ̀, arúgbó ará Ireland, ń tòògbé sórí ìwé ìròyìn ní kọ̀rọ̀. Ọlálékan ń gbọ́ aago ara ògiri. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Barman kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ń nu ife, ó ń fi imú kọrin. Orin ṣọ́ọ̀ṣì Ìkirè ni.

Ọlálékan wo ọwọ́ tó di ife mú. Àtàǹpàkò òsì wọ́, ó tẹ̀ síta. Ẹ̀rọ ìlọta ló jẹ irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà èwe. Irú àtàǹpàkò yẹn ò sí méjì. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Ọkùnrin náà yíjú.

"Lékan. Má pariwo."

Ọlálékan ti ń dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún irú mi."

"Bọ̀dá mi. Wọ́n ti sin yín."

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Ìwé mi ò tíì..."

"O rí mi nínú pósí?"

"Mi ò rí yín."

"O da yẹ̀pẹ̀ sí mi?"

"Ẹ foríjì mí, Bọ̀dá. Mi ò dà á."

"Kí lo ń tọrọ ìdáríjì fún? Ká ní o dà á ni, o ò bá tí lè jókòó síwájú mi."

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àwọn àgbà ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Akúdàáyà. Ó kú nílé, ó lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ẹni tó dúró létí sàréè rẹ̀ yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni yóò dàwátì. Àìsí níbi ìsìnkú tó ti ń jẹ Ọlálékan lọ́kàn, tó ń tì í lójú láàárín ẹbí, òun gan-an ló jẹ́ kó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Ta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí?

"Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́," Adébọ̀wálé ní. "Mo mọ ohun tí ò ń kọ kiri. Má kọ ti ibí. Bó bá sì di dandan, fún wa ní ìràwọ̀ kan. Sọ pé ọtí wa kan. Kí ará ilé kankan má baà wá."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ẹ rántí pé ó ní òun ti gbọ́ o.

Gbogbo ọ̀sán tó bá ti wà ní off, ibẹ̀ ló ń lọ. Adébọ̀wálé á rọ ọtí, á gbé e kalẹ̀, wọ́n á jọ máa wò ó bó ṣe ń ru.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ìgò odeku dé ẹnu láì mí, ta ló kọ́ yín ní sùúrù?"

"Ibí ni mo ti kọ́ ọ. Kò sí ohun tó ń lé mi mọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Inú Ọlálékan ń dùn. Ó ti pẹ́ tó ti rí ẹni pè ní bọ̀dá, kó sì dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó ń rí, tó ń gbójú kúrò lára wọn. Adébọ̀wálé kì í jẹun. Bó bá fẹ́ nu ife, á fẹ́ èémí ẹnu sí i, kùrukùru ò ní bo ife náà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù ju omi dídì lọ.

"Bọ̀dá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?"

"Mu ọtí rẹ."

"Màmá ṣì ń dárúkọ yín nínú àdúrà."

"Mo ń gbọ́ ọ," ó ní, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Bó ṣe yẹ kó máa lọ nìyẹn. Àmọ́ ọmọ aráyé! Ẹnì kan tí òun náà ń kọ review lọ fún ilé ọtí kan nínú mall ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ibi tí wọ́n ti ń fi ife rọ́bà bu ọtí o! Àwọn èèyàn wá ń fi Ọlálékan ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwọ tí ò ń fọ́nnu, ibo ni márùn-ún tìẹ wà? Ó kà á, inú ń bí i. Ọ̀dọ̀ James ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Fọ́tò ife ọtí tó yà níbẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, ó rẹwà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò kúkú ní dárúkọ barman.

Ó kọ ọ́. Ìràwọ̀ márùn-ún, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó fi fọ́tò náà sí i.

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó yé ẹyin mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Ìwọ Ọlálékan, ikú dá bọ̀dá rẹ padà fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí yẹ̀yẹ́ àwọn tí o ò mọ̀ lo ṣe tà á! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹnu iṣẹ́ ló wà lọ́jọ́ kejì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Oyèwùmí ni, ọmọ àbúrò bàbá wọn, tó ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní McDonough. Kò pẹ́ tó dé Amẹ́ríkà. Ó wà ní Ìkirè nígbà ìsìnkú.

"Bọ̀dá Lékan, mo rí fọ́tò yín. Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó di ife mú. Àtàǹpàkò yẹn."

Ọlálékan tún fọ́tò náà wò. Ọtí nìkan ló ń wò nígbà tó ń ya fọ́tò náà.

"Bọ̀dá, èmi ni mo gbé ọwọ́ yẹn lé e láyà nínú pósí."

"Kì í ṣe òun. Oyè, jọ̀ọ́, má lọ síbẹ̀."

"Mo ti wà nínú ọkọ̀, lórí òpópónà I-75."

Ọlálékan fi shift sílẹ̀. Kò bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, parking lot ti kún, mọ́tò ti tò dé òpópónà. Nínú, kò sí àyè ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ka review rẹ̀ ló ti dé, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń pariwo. James ń sáré kiri pẹ̀lú abọ́. Adébọ̀wálé wà lẹ́yìn káńtà, ó ń rọ ọtí. Ara rẹ̀ ti ń ṣí bí aṣọ tí oòrùn pa.

"O kọ ọ́," ó ní.

"Mi ò dárúkọ yín, Bọ̀dá."

"Lékan. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀yìn jáde. Oyèwùmí ń bọ̀."

"Ibo ni kí n tún lọ?"

Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Ó mú ife, ó rọ ọtí dúdú sí i kọjá ìdajì, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀.

"Jẹ́ kó sinmi," ó ní.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ariwo dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu àwọn èèyàn ń mì, ohùn ò jáde. Aago ara ògiri nìkan ni Ọlálékan ń gbọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Oyèwùmí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ń tàn yanran. Kò wo Ọlálékan. Ẹ̀yìn káńtà ló ń wò.

"Yé! Bọ̀dá Bọ̀w..."

Kò lè parí rẹ̀. Ọlálékan yíjú padà. Aṣọ ìnu-ife wà nílẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ariwo sì tún gbilẹ̀, àfi bí ẹni pé kò dáwọ́ dúró rí.

Yẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ wà níbi tó dúró sí. James ní ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Georgia níbẹ̀ ló pupa bẹ́ẹ̀, pé bàtà àwọn oníbàárà ló gbé e wọlé. Oyèwùmí bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Yẹ̀pẹ̀ Ìkirè ni," ó ní.

James wo Ọlálékan títí. "Barman mi ní òun bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan," ó ní. "Kí ló bẹ̀ ọ́?"

Ọlálékan kúnlẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ náà sọ́wọ́. Kò sí ibi tó máa dà á sí.

Ó ti pa review náà rẹ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ìràwọ̀ kan ló ń fún gbogbo ilé ọtí ará Ireland ní Atlanta báyìí, ibi tó dáa, ibi tí kò dáa. Wọ́n ń bú u, wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú u. Bó bá wọ ibì kan, àtàǹpàkò barman ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó fìdí kan àga. Bóyá Bọ̀dá ṣì rí ibòmíràn sá sí. Ta ló mọ̀?

James ò da ife ọjọ́ náà nù. Ó wà lórí káńtà níbi tí wọ́n gbé e sí. Èmi fúnra mi lọ wò ó. Ó ṣì ń ru. Ó ń funfun lókè, ó ń dúdú nísàlẹ̀, kò tíì sinmi. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń fi imú kọrin lẹ́yìn ògiri. Mi ò yíjú wò.

Ẹ tún fẹ́ kí n júwe ibẹ̀? Ìràwọ̀ kan. Ọtí wọn kan. Ẹ má lọ.