Dókítà Ẹrẹ̀ àti Ọmọ Alápatà

Lẹ́yìn ilé ìpẹran, níbi tí omi ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lọ sódò, ni ọmọkùnrin alápatà kan ti kọ́kọ́ rí obìnrin kan. Obìnrin náà lóṣòó, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ń bu omi dúdú náà sínú ìgò.

"Àǹtí, omi yẹn ò ṣeé mu o."

"Tó bá ṣeé mu ni, kí ni màá wá wá níbí?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ̀rín pa ọmọkùnrin náà. Kò pẹ́ tó fi di ẹni tó ń bá a gbé ìgò. Iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ni obìnrin náà ń ṣe. Dókítà Ẹrẹ̀ làwọn alápatà ń pè é. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí ọmọkùnrin náà lọ́kàn débi pé tí kò bá wá, ọ̀bẹ a máa wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà pẹ̀lú sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ti pọ̀ nínú omi náà, oró ló sì ń tú síbẹ̀. Omi yẹn làwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì ń lò.

"Ṣebí wọ́n ń sè é?"

"Iná á pa kòkòrò, ọkàn mi. Oró tó ti tú sílẹ̀ lè máà bá a kú."

Bàbá ọmọkùnrin náà, olórí àwọn alápatà, gbọ́ èsì àyẹ̀wò náà, inú bí i. "Ẹni tó fẹ́ ti ibi tí mo ti tọ́ ọ dàgbà pa lo fẹ́ fi ṣaya? Ejò lo fẹ́ fi ṣe ìgbànú. Kò ní wọ ilé mi."

Ọmọkùnrin náà fi ìbànújẹ́ rò ó fún olólùfẹ́ rẹ̀. Omijé lé sí obìnrin náà lójú. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè pe oró ní oyin nítorí ìfẹ́."

"Ta ló ní kí o parọ́? Sọ fún mi ohun tí a lè ṣe."

"Ẹ gbẹ́ kòtò tí omi á máa dúró sí, ká lè tọ́jú rẹ̀ kó tó dé odò."

Ni ọmọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Àwọn alápatà yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ṣáà ń gbẹ́ ẹ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, obìnrin náà ká ṣòkòtò sókè, ó gbé ṣọ́bìrì, ó wọ inú kòtò tọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni bàbá ti ká wọn mọ́.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fẹ́ ti ibí pa ni?"

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ tilé pa kì í bá onílé gbẹ́ kòtò. Mo fẹ́ kí ẹ máa pẹran yín lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí rẹ̀ ṣàìsàn."

Bàbá rí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà tó ti bó, ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì náà.

"Lọ jókòó síbòòji, ìyàwó wa. Mi ò fẹ́ kí àwọn òbí rẹ rí irú ọwọ́ yìí nígbà tí a bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Ọmọ rẹ̀ ò gba etí ara rẹ̀ gbọ́. "Bàbá, ṣé ẹ ti gbà ni?"

"Bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ọ. Òórùn ìfun ló ń jáde lára rẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni mo fẹ́, Bàbá. Tòun ti òórùn rẹ̀."