Ọkọ̀ Tí Kì Í Ṣe Ti Packie

Ẹsẹ̀ Fintan Tuohy ni Noreen Lillis kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Fintan wà lábẹ́ ọkọ̀ Starlet rẹ̀ lórí pápá kan nílùú Ennis ní Ireland, níbi táwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ Japan àtijọ́ ti ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó lè bàjẹ́ kọjá ọwọ́ ẹ?"

Fintan yọjú. Ó rí ọmọbìnrin onírun pupa kan tó di ife tíì mú, òjò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a bu omi kún ife náà tán.

"Èmi náà ni," ló fèsì.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ká ní ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà ni, mi ò ní rí ìtàn kankan sọ.

Ọ̀rọ̀ Datsun bàbá rẹ̀ ló gbé Noreen wá. Packie Lillis ra ọkọ̀ náà ní tuntun lọ́dún 1977, nígbà tí wọ́n ṣì ń to Datsun pọ̀ ní Ireland níbí. Òun ló fi gbé gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ ṣèrìbọmi. Nígbà tí Packie kú, wọ́n ti ọkọ̀ náà sínú abà koríko lẹ́yìn ilé wọn ní Kilrush.

"Màámi ò jẹ́ ká tà á," ni Noreen wí. "Wọ́n ní àfi kó rìn lójú àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Á rìn. Mo fún ẹ lọ́rọ̀ mi."

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fintan, odindi ọdún méjì ni Noreen sì fi ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Á gbé búrẹ́dì ẹlẹ́yin wá, á wọ aṣọ iṣẹ́ Fintan tó tóbi jù ú lọ, wọ́n á jọ máa ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Ọwọ́ ẹ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, Fintan."

"Ìyẹn lo ò ṣe fẹ́ kí n dì ẹ́ mú?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ Attracta, ìyá Noreen, kò fọwọ́ sí i. Ó ní panẹbítà tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní màlúù, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ òun?

Lọ́jọ́ tí Fintan tú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà wò ni ọkàn rẹ̀ pami. Atẹ́gùn iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ tán. Irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró ti dógùn-ún débi pé ìka lásán ló fi dá a lu. Kò sí ibi tó lè jó irin tuntun mọ́ tí yóò dì í mú. Ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́nnu, ojú sì tì í.

Ó ra ara ọkọ̀ irú rẹ̀ kan tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n kó wá láti Japan. Láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí Noreen wà níbi iṣẹ́, ó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Packie, ó gbé e sínú rẹ̀, ó to ìjókòó àti ilẹ̀kùn sí i, ó kan nọ́ńbà Packie mọ́ ọn, ó sì kùn ún ní àwọ̀ òféfèé kan náà. Ara ọkọ̀ àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún irin àlòkù pọ̀.

Nígbà tí Noreen rí ọkọ̀ tó ń dán, ó dì mọ́ Fintan lọ́rùn. Ibẹ̀ ni Fintan ti ní kó fẹ́ òun, ibẹ̀ náà ló ti gbà. Attracta fọwọ́ pa ìjókòó iwájú títí, ó ní, "Ẹni tó lè ṣe báyìí fún òkú, á tọ́jú alààyè." Wọ́n dá ìgbéyàwó sí oṣù kẹsàn-án.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ìsìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì dé, Attracta á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nínú ọkọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan Fintan padà lọ mú kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Packie, dárí jì mí. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí o lọ." Fintan rọra padà sẹ́yìn. Ìtìjú kò jẹ́ kó jẹun lọ́jọ́ náà.

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n gbé Datsun náà lọ sí àfihàn ní Kilkee, níbi tí ife ẹ̀yẹ wà fún ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Ireland tí kò tíì yí padà. Mossie Culligan, bàbá àgbàlagbà tó ń yẹ àwọn ọkọ̀ wò, ki ọwọ́ bọ abẹ́ fẹ́ńdà iwájú, irin tó bo táyà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Orí fẹ́ńdà ni wọ́n máa ń de dígí tí awakọ̀ fi ń wẹ̀yìn mọ́ ní Japan. Fintan ti dí àwọn ihò tí wọ́n de dígí náà sí, ó ti kùn ún, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọṣẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lábẹ́. Kò sí ọkọ̀ Ireland tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀.

Mossie ṣẹ́jú sí Fintan. "Iṣẹ́ ẹ mọ́, ọmọ. Opó ni ìyá yẹn. Jẹ́ kó gba ife ẹ̀ lọ sílé."

Àánú yìí dun Fintan ju èébú lọ. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ Attracta pé kó wá gba ife náà, Fintan fa Noreen lọ́wọ́.

"Noreen, ọkọ̀ yìí kì í ṣe ti bàbá ẹ. Ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn àti ìjókòó nìkan ni tiwọn. Ara ẹ̀, Japan ló ti wá. Mi ò lè gba tiwọn là."

"Ibo ni tiwọn wà?"

"Wọ́n ti fún un pọ̀ mọ́ irin àlòkù."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó ní kó o fẹ́ mi."

Noreen kò sunkún. "Lọ sọ fún Màámi. Má rán mi."

Attracta ti na ọwọ́ sí ife ẹ̀yẹ nígbà tí Fintan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. Ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Mo bẹ Packie nínú ọkọ̀ yẹn," ló wí jẹ́ẹ́. "Ta wá ni mò ń bẹ̀?"

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà ni, Fintan ì bá wọlé. Noreen bọ́ òrùka rẹ̀, ó fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Fintan, ó sì mú ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Fintan yọ nọ́ńbà Packie kúrò lára ọkọ̀, ó dá a padà fún ìjọba, ó sì gba nọ́ńbà mìíràn fún ọkọ̀ náà. Lójijì, Attracta dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti fún ọkọ̀ Packie pọ̀."

Ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti rin lásán ló fi hàn án, nítorí irin náà ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ tipẹ́.

"Ṣé o dúró wò ó?"

"Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mà. Mò ń sunkún."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Ojú tì mí, mà. Mo rò pé tí ọkọ̀ bá lọ, Noreen náà á lọ."

"Èmi ìyàwó ẹ̀ ló yẹ kí n dúró síbí sunkún. Ohun tí o jí lọ́wọ́ mi nìyẹn, kì í ṣe irin."

"Ẹ má bínú, mà," ni Fintan wí. Attracta ní kó sún sẹ́yìn. Ó bá ilẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Packie ní òmùgọ̀ ni ẹ́."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, mà."

"Òun náà sọ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ pé ogún màlúù lòun ní. Mẹ́rin ni mo bá. Wa ọkọ̀ ká lọ."

Noreen ló dúró dè wọ́n ní géètì ilé ìyá rẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́," ló sọ fún Fintan.

"Mo mọ̀."

"Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Tí nǹkan bá tún ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wá sọ fún mi nígbà tó ṣì ń bàjẹ́ lọ́wọ́." Ó na ọwọ́. "Òrùka náà dà?"

Lówùúrọ̀ ìgbéyàwó wọn, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Noreen ni Noreen fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Attracta ní Fintan ni kó wá gbé òun, Datsun náà sì ni kó gbé wá. Fintan ṣílẹ̀kùn fún un, kò lè gbójú sókè. Ìyá náà jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀.

"Káàárọ̀ o," ló sọ fún ọkọ̀ náà. "Mi ò mọ ẹni tó ń gùn ẹ́ ní Japan. Attracta lorúkọ mi."

Ojú tún ti Fintan. Ó fẹ́ wo ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó wo ìyá náà lójú, ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì lọ.