Bàbá Tó Jókòó Lábẹ́ Fèrèsé

"Póròfẹ́sọ̀, ṣé inú yàrá yìí ni wọ́n ti fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè?"

Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń fi orúkọ yẹn bá a ṣeré, nítorí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ báyìí, yunifásítì sì ti gbà á fún oyè kejì. Owó ló kù. Jórinjórin ni bàbá rẹ̀, géètì àti bẹ́ẹ̀dì onírin ló ń ṣe, ṣùgbọ́n iná iṣẹ́ ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, àwọn oníbàárà sì ti ń dín kù.

Ó ti bẹ bàbá náà pé kó má wulẹ̀ tẹ̀ lé òun. Bàbá fárígá. Ó ní òun ò ní jókòó sílé kí ọmọ òun dá lọ kojú àwọn àgbààgbà nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Ọmọ náà gbójú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó gbọ́ "láàyè" yẹn.

"Wọlé, má fòyà. Màá dúró dè ọ́ níta."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí. Ọ̀nà mẹ́ta ni yunifásítì là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí kò lówó. Ó lè yá owó, kó máa san án padà tó bá ríṣẹ́. Ó sì lè di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, kó máa tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ́nà, kí wọ́n má gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un lówó oúnjẹ. Ìkẹta ni ẹ̀bùn owó tí olówó kan fi sílẹ̀ fún àwọn tí bàbá wọn ti kú. Gbèsè ń bà á lẹ́rù. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ wù ú, àmọ́ ìdánwò wà níbẹ̀, àwọn tó ń du ú sì pọ̀ bí eṣú. Ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mọ̀ọ́tán bá là á lọ́yẹ̀.

"Ta ló fẹ́ lọ wo sàréè? Ṣáà sọ pé bàbá ẹ ti kú. Tó o bá gbowó tán, ṣebí bàbá ọ̀hún náà á jẹ níbẹ̀."

Ẹ ò rí i bí ìmọ̀ràn burúkú ṣe ń dùn létí ẹni tí ojú ń pọ́n!

Obìnrin kan tó lo awò ojú ni alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀bùn náà. Ooru mú, wọ́n sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

"Ọmọ mi, bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Á à, pẹ̀lẹ́. Kí ló ṣe wọ́n?"

Mọ̀ọ́tán ò kọ́ ọ ní ìyẹn. "Irin ló wó lù wọ́n níbi iṣẹ́, mà."

Irọ́ kì í dá rìn, dandan ni kó wá ẹnì kejì. Àánú ọmọ náà ṣe wọ́n, kò sì pẹ́ tó fi hàn pé ẹ̀bùn náà ti fẹ́ di tirẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó rí i pé abẹ́ fèrèsé gan-an ni bẹ́ǹṣì tí bàbá rẹ̀ jókòó sí wà. Bàbá ti dìde. Ó ti ṣí fìlà, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ẹ káàsán, sà," ni alága wí. "Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ará àdúgbò ni mí, mà. Ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ ni mí. Èèyàn dáadáa ni olóògbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́, ó mọ̀wé gan-an."

Ojú ti ọmọ náà gan-an. Tó bá panu mọ́, owó ti wọlé. Òun ló gbẹ́ sàréè fún bàbá tó wà láàyè, bàbá náà wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ sí i kí òun lè rí ilé ìwé lọ.

"Irọ́ ni, mà," ó ké. "Bàbá mi nìyí. Wọn ò kú."

"Dákẹ́, Póròfẹ́sọ̀. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní dákẹ́, Bàbá mi. Ẹ dárí jì mí." Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ rìn kọjá ẹnu ilẹ̀kùn.

Alága fà sẹ́yìn, ó wo ọmọ náà. "Ọmọ kan wà tí ò ní bàbá lóòótọ́. Ọwọ́ ẹ̀ lo fẹ́ ti já owó yìí gbà. Kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan fún ọ lọ́dún yìí. Lọ ronú. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wá ṣe ìdánwò olùrànlọ́wọ́ bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Lójú ọ̀nà, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tó fi sẹ́ ara rẹ̀.

"Mo ní tí ikú mi bá máa sọ ọ́ di póròfẹ́sọ̀, kí n kú díẹ̀ ná." Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí gan-an."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ náà ju ìyà tí alága fi jẹ ẹ́ lọ. Ọdún kan gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé, tó sì fi ń múra ìdánwò. Nígbà tó ṣe é, ó yege, ó sì di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà rí owó ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, àwọn mìíràn sì le. Àmọ́ ọ̀nà tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹni tó bí yín, kì í ṣe ìrànlọ́wọ́.