Ẹni Tó Lé Àbúrò Rẹ̀ Nítorí Ṣíìpù

Ọkùnrin kan wà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ya àwòrán ṣíìpù, ègé kékeré tó ń ṣe bí ọpọlọ nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá Ọpọlọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, onígbàgbọ́, ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń bá tiwọn du ọjà. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ àwọn ló máa sin tiwọn. Àbúrò á rẹ́rìn-ín, á ní kó rọra.

Iléeṣẹ́ kẹta kan, tó ń ta ṣíìpù, ló bá Ọ̀gá Ọpọlọ àtàwọn èèyàn rẹ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ṣíìpù tuntun. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ ló tú fún wọn. Àfi bó ṣe wọ yàrá ìdánwò iléeṣẹ́ kẹta náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àbúrò rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń dán ṣíìpù tiwọn wò. Ó wo àwòrán rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà láàárín gbùngbùn rẹ̀.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ilé ìyá wọn ló gbà lọ tààrà, ó pe àbúrò rẹ̀ ní olè lójú ìyá tó bí àwọn méjèèjì.

Àbúrò ní òun ò tiẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò jí nǹkan yín. Ṣùgbọ́n ká ní mo jí i pàápàá, ṣé ṣíìpù ló kú fún yín ni? Jésù ló kú fún yín. Ẹ jẹ́ kó sọ ẹrù yìí kalẹ̀ fún yín."

"Má dé ilé mi mọ́ láyé," lẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ méjèèjì jáde. Tàwọn àbúrò ló tà. Ọ̀gá Ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í mutí láti àárọ̀. Nígbà tí ìyá ránṣẹ́ pé àbúrò ń ṣàìsàn ní ọsibítù, pé ó ń bèèrè rẹ̀, ó ní kó lọ fi ṣíìpù wo ara ẹ̀ sàn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀gá àgbà pè é láti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó là á yé e pé kò sólè kankan. Àdéhùn gba iléeṣẹ́ kẹta láyè láti ta ohun tí wọ́n bá jọ ṣe fún ẹni tó bá wù ú. Ọ̀gá Ọpọlọ gan-an ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀.

Ó sáré lọ sí ọsibítù. Ibùsùn ti ṣófo. Ìyá wọn ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Orúkọ ẹ ló ń pè nínú àdúrà títí ohùn fi pa lẹ́nu ẹ̀," ni ìyá wí. Kò wò ó lójú.

Ọkùnrin náà wólẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kò mọ àdúrà gbà. "Jésù, mo pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ṣé mo ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ Tìrẹ náà ni? Ṣàánú mi." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jésù gbà á.

Iṣẹ́ kò padà. Òkú kò jí. Ìyá rẹ̀ kò tíì lè bá a jẹun. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ló ń fi ẹkún jí. Ṣùgbọ́n ọtí ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kà á, ta ni ìwọ náà lé? Kí lo fi ń gbéra ga tí kò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la? Ọkùnrin yìí rí Olùgbàlà, ṣùgbọ́n kò rí àbúrò rẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà lónìí, ké pe Jésù. Tó o bá dìde, wá ẹni tó o lé lọ, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.