Ìkòkò Tí Osayo Kò Fọ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ààrò ńlá tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ní àfonífojì Iwadani, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Èéfín ṣì ń rú lórí àwọn igi kedari, àwọn àtẹ̀gùn òkúta sì ń yọ̀ bí ẹja. Ọjọ́ náà ló pé ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí Jinzō ayàwòrán kú, ọjọ́ tí òkú ń kúrò nílé tí kì í padà wá mọ́.

Ó ku bí ọgbọ̀n ọdún kí àwọn olúwa ilẹ̀ tó pàdánù ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà? Lọ́dọọdún ni olúwa ilẹ̀ wa ń fi ìkòkò tánganran ránṣẹ́ sí Edo, olú ìlú tí olórí gbogbo jagunjagun ti ń jọba. Ìkòkò tó bá máa dé iwájú ẹni yẹn kò gbọdọ̀ ní àbùkù tó tó orí abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ní in, fífọ́ ni. Wọn kì í tà á, wọn kì í fi ta ènìyàn lọ́rẹ, ẹni tó ṣe é kò sì gbọdọ̀ fi bu omi mu. Àwọn obìnrin ló ń fọ́ ọ.

Osayo, ìyàwó tí Jinzō fi sáyé lọ, jókòó létí kòtò àfọ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Aṣọ aláró tó ti ṣá ló wọ̀, ó fi okùn so apá aṣọ náà sẹ́yìn kó má baà dí i lọ́wọ́, ó fi aṣọ ìnuwọ́ funfun bo irun, òòlù igi wà lórí itan rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní wàhálà. Wàá dojú ìkòkò dé, wàá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wàá da àpáàdì sínú kòtò. Ìdí ìkòkò nìkan ni o ò ní dà nù, nítorí ó ki, kì í fọ́. Alábòójútó ló máa kà á. Bí ìkòkò méje bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ìdí méje gbọ́dọ̀ jáde. Bí ọ̀kan bá dín, ìkòkò kan ti sá lọ nìyẹn. Bí ìkòkò bá sì sá, ilé márùn-ún ló ń jìyà rẹ̀, torí ilé márùn-ún márùn-ún ni wọ́n so wá pọ̀ láyé ìgbà yẹn: ẹnì kan ṣẹ̀, gbogbo wọn ló ṣẹ̀.

"Osayo, o kú ará fẹ́ra kù o," Otaki ni ó sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ògiri ilé rẹ̀ bá ti Osayo kan ara wọn. "Òní ló pé, àbí?"

"Òní ni. Láti ìdájí ni Màmá ti ń ṣu ìrẹsì gígún. Mọ́kàndínláàádọ́ta, bó ṣe yẹ."

"Bí mo ṣe mọ Màmá Oiku, èyí tó kẹ́yìn á tóbi ju orí mi lọ."

"Orí tìrẹ kúkú kéré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́, torí pé Olóyè Mataemon ti dé. Òun ni alábòójútó. Idà méjì wà nígbàdí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ dúdú, èjìká aṣọ náà sì le gbagidi bí awọ tí wọ́n sá gbẹ. Àwọn ọkùnrin ń gbé ìkòkò wá síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ń yí wọn lójú oòrùn. Bó bá mi orí pé ó dára, ó di Edo. Bó bá fi gègé dúdú kàn án, ó di kòtò.

Wọ́n gbé èyí tí Jinzō ṣe kẹ́yìn wá. Ó ga tó apá àgbàlagbà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, ó funfun bí yìnyín àárọ̀. Ẹ̀ka igi aláwọ̀ búlúù yí ikùn rẹ̀ ká, òdòdó tsubaki pupa wà lórí ẹ̀ka náà, ọ̀kan sì ti já bọ́ sísàlẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tí Jinzō ń fa àwọn ìlà wọ̀nyẹn, ikọ́ erùpẹ̀ òkúta ti jẹ ẹ́ tán. Osayo ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó ń di èjìká rẹ̀ mú kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n.

Mataemon yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló gbà pé ti Edo ni.

"Àmì wà lára rẹ̀," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Lábẹ́ etí ìkòkò ni àmì dúdú kan wà, kò ju hóró yànmọ̀tí lọ. "Ayàwòrán kò ṣe àṣìṣe. Iná ló bà á jẹ́. Ẹ fọ́ ọ."

Osayo ló kàn. Wọ́n gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á fọ́ ọ, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ó gbé òòlù sókè. Òòlù náà sọ̀ kalẹ̀ sórí ìkòkò mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Mataemon kọ ẹ̀yìn sí wọn, ìkòkò Jinzō wọ inú agbọ̀n koríko tí Osayo fi ń gbé oúnjẹ, ó fi ewéko bò ó. Otaki rí i. Ẹnu Otaki tí kì í sinmi pa dé.

Kò pẹ́ ni Oiku, ìyá Jinzō, dé pẹ̀lú ìrẹsì ṣíṣù fún àwọn òṣìṣẹ́. Aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú ló wọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.

"Màmá," Osayo wí, "ẹ bá mi gbé agbọ̀n yìí lọ sílé. Ẹ rọra o."

Ìyá àgbà gbé agbọ̀n, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. Ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ sáré ṣe?" ó ní, ó sì ń lọ.

Ó wá ku ìdí kan. Osayo dọ́gbọ́n lọ sẹ́yìn kòtò bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, ó wa àwọn àpáàdì àtijọ́ títí ó fi rí ìdí tó dọ́gba pẹ̀lú ti Jinzō. Ẹrẹ̀ ti wọ ara rẹ̀ níbi tí kò dán. Ó ń fi ha òkúta létí odò, ó ń fá a, ó ń fá a, títí ó fi funfun nini. Inú rẹ̀ dùn sí i.

Ní ọ̀sán, Mataemon jókòó láti ka ìdí. Ó ń fi àtàǹpàkò ra abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ó ka ti Osayo dé méje, kò dìde. Ó tún mú ìkeje.

"Ìyàwó Jinzō."

"Olóyè."

"Ìdí tó bá ti inú iná jáde, yanrìn ààrò máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. A kì í fá a àfi èyí tó bá ń lọ sí Edo. Àfọ́ wo ni ẹ fá ìdí rẹ̀?"

Ọdún mọ́kànlá ni Osayo ti ń fọ́ ìkòkò. Àtàǹpàkò rẹ̀ mọ yanrìn yẹn bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu. Funfun ló gbájú mọ́, ó gbàgbé yanrìn.

"Olóyè, ẹ ṣàánú mi, ẹ̀mí yín á gùn..."

"Fi ẹ̀mí mi sílẹ̀. Bí mo bá kọ èyí ránṣẹ́ sí ààfin, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó fi idà ya ikùn ara rẹ̀." Ó ju ìdí náà sínú kòtò. "Kí agogo ìrọ̀lẹ́ tẹ́ńpìlì tó dún, mo fẹ́ ìdí tòótọ́ lọ́wọ́ mi. Bí n kò bá rí i, mo máa kọ ọ́. Ilé márààrún á sì bá mi lọ."

Osayo sáré dé ilé. Oiku ti gbé ìkòkò náà síwájú pákó tí wọ́n kọ orúkọ Jinzō sí fún ìrántí rẹ̀, ó ti tan tùràrí, ó ń to ìrẹsì ṣíṣù yí i ká.

"Màmá, ẹ gbé e wá. Olóyè ti mọ̀."

"Kó mọ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ mi fi yàwòrán fún un, kò mọ̀ pé ó ń wúkọ́."

"Ilé márùn-ún ni, Màmá! Ilé Otaki wà nínú rẹ̀."

"Èmi ni mo gbé e sínú agbọ̀n?"

"Èmi ni. Mo ṣìṣe."

"O ò ṣìṣe níbẹ̀. Ibi tí o ti lọ fá ìdí lo ti ṣìṣe. Ìyàwó ayàwòrán tánganran, tó ń fá ìdí àfọ́! Bí Jinzō bá gbọ́, á tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Otaki fi dé ẹnu ọ̀nà. Ó pọn ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó forí kan ilẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn.

"Màmá Oiku, mi ò rí nǹkan kan láàárọ̀. Bí wọ́n bá nà mí, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ìyá àgbà wo ọmọ náà títí. Ọmọ náà ń la àtàǹpàkò. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ọ̀já kan jáde, ti aláró, tó ti gbó.

"Dìde ńlẹ̀, Otaki. Mo ti gbọ́." Ó gbé ìkòkò sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í, ó so ó níwájú àyà bí abiyamọ. "Èmi ni mo bí i, èmi ni màá gbé e dé kòtò. Osayo, máa lọ. Lọ mú òòlù rẹ dání dè mí."

Osayo gbà á gbọ́. Ó lọ, ó jókòó létí kòtò pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Mataemon dúró lókè. Oòrùn ń wọ̀. Oiku ò yọjú.

Lẹ́yìn afárá òkúta ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Òsì lọ sí kòtò, ọ̀tún lọ sí bodè. Oiku ti yà sí ọ̀tún.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ àṣírí bí a ṣe ń ṣe tánganran jáde ní bodè yẹn. Àwọn oníbodè méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá dání.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ọ̀kan wí. "Kí lẹ pọ̀n?"

"Ọmọ mi."

"Ọmọ kẹ̀! Pẹ̀lú ewú yìí? Ẹ kú ewu o!"

"Ọmọ ogójì ọdún ni. Ó gba ibí wọlé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, kò sì tíì jáde. Òní ni ọjọ́ tó máa lọ."

Ẹnìkejì ti rí ẹnu funfun ìkòkò lókè ọ̀já. Ó fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà. Oiku kò dúró. Ó fi àyà ti ọ̀pá náà bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Oníbodè tì í padà. Ó búra lẹ́yìn náà pé òun ò tì í tagbára-tagbára, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Àtẹ̀gùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òjò sì ti pa á. Ẹ̀yìn ni ìyá àgbà fi ṣubú, ó sì bá àtẹ̀gùn náà lọ dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Osayo gbọ́ ariwo tó sì sáré débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Ó pa ojú ìyá ọkọ rẹ̀ dé. Ó tú ọ̀já. Àpáàdì funfun, búlúù, pupa, gbogbo rẹ̀ ló dà sílẹ̀, àti pupa mìíràn tí kì í ṣe ti ayàwòrán. Ìdí ìkòkò wà lódidi. Osayo mú un, ó sì sáré, nítorí agogo kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Agogo ń lù lọ́wọ́ nígbà tó dé kòtò. Mataemon gba ìdí náà, ó fi àtàǹpàkò rà á.

"Ó pé," ó ní, ó sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀jẹ̀ ní ìka ara rẹ̀. Ó yọ bébà láti inú aṣọ, ó nù ún. "Ìyá náà ńkọ́?"

"Ó ṣubú, Olóyè."

"Àtẹ̀gùn yẹn máa ń yọ̀," ó wí. Kò tún bi í léèrè mọ́.

Wọ́n sin Oiku ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ààrò, Osayo jókòó sí ààyè rẹ̀ létí kòtò, ó sì ń fọ́ ìkòkò fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n mìíràn. Kò fẹ́ ọkọ. Ìdí ìkòkò rẹ̀ kò dín rí.

Nígbà tó yá, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olúwa ilẹ̀, wọ́n gba idà lọ́wọ́ àwọn olóyè, a sì tú igi bodè dáná. Oníṣòwò kan wá láti Yokohama, ìlú èbúté, ó dé fìlà òyìnbó, ó wọ ṣòkòtò òyìnbó. Ó bá Osayo níbi tó ti ń sá daikon, gbòǹgbò funfun tí à ń jẹ, sóòrùn.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ yàwòrán sí ni mò ń wá. Àwọn òyìnbó ń rà á, wọ́n ń kó o jọ sínú àpótí onígíláàsì. Èyí tó ní àbùkù pàápàá, wọ́n ń gbà á. Wọ́n ní àbùkù náà ló fi hàn pé ènìyàn ló ṣe é."

Osayo mú un lọ síbi kòtò. Koríko ti bò ó. Ó fi igi hú ilẹ̀ díẹ̀, búlúù yọ, pupa yọ, bó ṣe ń hú u ni wọ́n ń yọ. Ọkùnrin náà fi ṣòkòtò òyìnbó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀, kò rí odindi kan.

"Gbogbo èyí?" ó ní. "Ta ló ní ọkàn tó fi lè fọ́ wọn?"

"Èmi ni," Osayo dá a lóhùn. Ó na igi náà sí i, ó sì padà lọ kó daikon rẹ̀ wọlé, torí pé òjò ti ṣú.