Ohùn Pápá àti Àbúrò Aṣọ́lé

Tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn ló wọlé, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ ẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tí orin ń gbé lọ. Ọmọbìnrin dúdú mínijọ̀jọ̀, eyín funfun, ojú tó ń dán bíi dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Gbogbo ẹni tó jókòó síwájú ilé iṣẹ́ rédíò ló gbójú sókè. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń jáde bọ̀ láti ibi ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dúró gbagidi, ife omi lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbàgbé pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ohùn Pápá ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin náà. Bọ́ọ̀lù ló ń sọ lórí rédíò, tó bá sì ń sọ ọ́, ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá á rí góòlù kedere. Nígbà tí bọ́ọ̀lù gba ìsinmi, ọ̀gá ẹ̀ ní kó máa ṣe ètò orin lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó wá ń sọ orin bí ẹni ń sọ bọ́ọ̀lù: onígìtá ti gbà á o, ó ti sún un fún onífèrè, onífèrè ń gbé e sá lọ! Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ràn ètò yín gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yín ni mo wá rò fún yín."

"Ẹjọ́ mi kẹ̀? Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Èmi ni. Mo wà lára àwọn elégbè nínú orin kan tẹ́ ẹ máa ń lò. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ká ṣáà máa ṣe 'hẹ̀n-ẹ̀n, hẹ̀n-ẹ̀n' la wà fún. Ìparí ni wọ́n tó fún mi láyè kí n dá kọ tèmi. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń já sí, tẹ́ ẹ ó pariwo pé eré ti parí."

Ohùn Pápá ṣàlàyé fún un pé nídìí bọ́ọ̀lù, téèyàn bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, àwọn olùgbọ́ á rò pé bátìrì àwọn ti kú. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa jẹ́ kí orin balẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà bá nawọ́ sí ọrùn ẹ̀.

"Téèpù yẹn ń kọ́? Ṣé ẹnu mi lẹ fẹ́ fi wọ̀n?"

"Téèpù yìí ò lè tó o, bọ̀dá."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó fi àwo orin náà sí i, ó pa ẹnu ẹ̀ dé, ó ń retí. Nígbà tó kan ìparí, ohùn kan jáde, ó tutù bí omi inú àmù:

*Bó o bá pẹ́, máa rọra bọ̀,*
*mo ti tẹ́ ẹní, mo ń kọrin dè ọ́.*

Ẹ gbà mí, ẹni tó gbọ́ ohùn yẹn tí kò mì, òkúta ni. Orin parí tán, ọkùnrin náà ṣì jókòó, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, àfìgbà tí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ gbá a léjìká.

Bó ṣe di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin náà ti ń ránṣọ nìyẹn. Ó gbé ṣòkòtò wá kí wọ́n bá òun gé e kúrú, ó tún gbé òmíràn wá, títí gbogbo ṣòkòtò ẹ̀ fi ń fi kókósẹ̀ hàn, tí kò sì sí èyí tó kù tí wọ́n lè gé. Nígbà yẹn, bọ̀dá ti já bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ wá rí àwọn ẹbí ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà gbé àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ kalẹ̀. Ó sọ fún un pé òbí òun ò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló tọ́ òun dàgbà. Aṣọ́lé ni ẹ̀gbọ́n yìí tẹ́lẹ̀, òun ló ń dúró sẹ́nu góòlù fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan. Lọ́dún tí Ohùn Pápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ ìdíje àṣekágbá, bọ́ọ̀lù kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ wọlé, Ohùn Pápá sì kígbe lórí rédíò pé ọwọ́ ọkùnrin yìí kì í ṣe ọwọ́, apẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Apẹ̀rẹ̀, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ohùn Pápá ronú títí. Ẹ̀fẹ̀ lásán ló fi ṣe, kò tilẹ̀ rántí pé òun sọ ọ́.

"Mo fẹ́ ẹ, ayọ̀ mi," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá fọwọ́ sí i, mi ò ní lọ."

Ló bá lọ bẹ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò bú u, kò sì ní kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá a lóhùn.

"Gbogbo ayé lo sọ ọ́ fún. Èmi nìkan lo wá ń bẹ̀."

Nígbà tí Ohùn Pápá sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ní ètò orin lòun gbé fún un, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ohùn Pápá ní tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gba ètò náà lọ́wọ́ òun tó bá yá, òun á ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú, kó tó fi àwo kankan sí i, ó sọ fún àwọn èèyàn pé òun lòun sọ aṣọ́lé kan ní Apẹ̀rẹ̀, pé òun sọ bọ́ọ̀lù kan tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, òun ò sọ àwọn tó mú. Ó ní kí ẹni tó bá wà ní pápá lọ́jọ́ náà pè, kó wá sọ èyí tó rí, kó sì yan orin fún aṣọ́lé náà.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ló kọ́kọ́ pè. Ó ní alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì lòun.

"Àwa la nà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ò jẹ́ ká nà wọ́n bó ṣe wù wá. Ó fò bí ẹyẹ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù wa dànù. Ọkọ mi dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, 'Jókòó, baálé mi, ṣé o ti yà lọ́dọ̀ wa ni?' Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń pàtẹ́wọ́."

Ó yan orin fún un. Orin náà ò tíì tutù tí ọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé fúnra ẹ̀ fi pè. Awakọ̀ ni báyìí. Ó ní òun ò gbá a dáadáa, òkúta kan ló ta bọ́ọ̀lù náà sókè, láti ọjọ́ yẹn lòun sì ti ń jẹ ìyìn tí kì í ṣe tòun.

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹ̀gbọ́n ti wọlé láti pa rédíò àbúrò ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti dé orí rédíò náà kí oníbúrẹ́dì tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà ò kúrò níbẹ̀, kò sì pa á. Nígbà tí awakọ̀ sọ tiẹ̀ tán, ó ní kí àbúrò òun fún òun ní fóònù.

"Ẹ káàsán, ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀?"

"Apẹ̀rẹ̀ ni."

Ohùn Pápá dìde dúró níbi tó wà. "Ẹ̀gbọ́n mi. Orin wo ni kí n fi fún yín?"

"Mi ò gba orin. Ọmọ tó o wá bèèrè, mú àwọn òbí ẹ wá bèèrè ẹ̀ ní Sátidé. Màá jókòó dè yín."

Fóònù náà dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ti já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ létí gbogbo ìlú," ni aránṣọ wí. "Ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, ta ló bi í?"

"Olólùfẹ́ mi, èmi nìyí, mò ń bi ẹ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ó yá, gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró láti kí ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n sì pè, wọ́n pè, wọ́n pè. Ètò orin ọjọ́ náà, orin oníbúrẹ́dì nìkan ni wọ́n ráyè lò nínú ẹ̀, kò sì sí olùgbọ́ tó ráhùn.